Ẹ Bi Mí Kí Ẹ Tó Gé Mi

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Mọ́mì mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú àfaradà àwọn oníbàárà tó máa ń sanra kí aṣọ wọn tó yọrí, tí wọ́n á wá ní ẹ̀yin lẹ rán an kéré. Èmi Àbùmọ́, àbíkẹ́yìn yín, ni mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè níbí. Orúnkún mi ti fẹ́ bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí n dìde.

Lẹ́tà ni màá máa kọ báyìí, torí fóònù mi ti kó sínú garawa ọṣẹ, ó sì kú ikú akọni. Ti Àǹtí mi, àkọ́bí yín, ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ti jọ pariwo mọ́ra yín lórí rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò bá yín sọ ọ̀rọ̀ oyún lórí fóònù mọ́ títí àwọn á fi bímọ. Mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Ariwo yẹn, àwọn ará òkè kẹtàdínlógún ló yọjú. (Ilé wa ò ju òkè mẹ́rin lọ, mo mọ̀.)

Ikùn Àǹtí mi ti tó tànkí omi. Síbẹ̀, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn ilé ìtura, wọ́n á dúró ti irin gbígbóná, wọ́n á máa lọ aṣọ ìbùsùn. Èyí tí wọ́n ń lọ lóòjọ́, tí ẹ bá so ó pọ̀, á dé ṣọ́ọ̀bù yín, á tún ṣẹ́ kù tí ẹ lè fi rán kọ́tìnì. Ọmọ wọn, Ọ̀gá Àgbà, kí yín. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n àṣẹ tó ń pa fún wa nínú ilé yìí, ológun ò tó bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé abẹ ni wọ́n fi gbé Ọ̀gá Àgbà jáde, ní pàjáwìrì. Èyí tó ń bọ̀ yìí, Àǹtí mi fẹ́ gbìyànjú láti rọbí kí wọ́n bí i lójú ara. Ẹ̀yin ní rárá, kí wọ́n lọ mú ọjọ́ tí wọ́n máa gé wọn. Ìyá Onírin, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, dúró sí òdìkejì yín pátápátá. Òun ní obìnrin tí wọ́n bá gé ò tíì bímọ, wọ́n kàn bá a sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Àǹtí mi wò ó, wọ́n ní: “Mà, ẹ gbé irin yín kúrò lórí aṣọ, ó ti ń jó. Ẹ wá gbé ẹnu yín kúrò lórí ikùn mi.”

Nínú ìjà yìí, ẹ̀yìn Àǹtí mi ni mo wà. Ẹ má bínú. Tàbí kí ẹ bínú díẹ̀.

Ọmọ yín tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni (àyàfi ẹ̀yin),
Àbùmọ́


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Àbùmọ́ ọmọ mi,

Dìde. Tó bá jẹ́ pé òótọ́ lo kúnlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí o máa dúró sójú kan.

O mọ bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ rẹ. Ohun tí o bá ti kọ, ṣe ni mo máa ń pín in sí mẹ́wàá, kí n mú ìdá kan gbọ́. Láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ni, tí o sáré wọlé pé ọgọ́rùn-ún ajá ń lé ọ bọ̀, tí mo jáde tí mo bá ajá mẹ́wàá lójúde. Ìṣirò yẹn ò tíì já mi kulẹ̀ rí. Ikùn tó tó tànkí omi tí o wí, mo ti mọ̀ pé garawa ni.

Ṣùgbọ́n fetí sí mi. Aṣọ ni mo fi ń jẹun. Ibi tí aṣọ bá ti ya rí tí a rán an padà, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fi agbára bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ya. Ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ ti di aṣọ àtúnrán. Ìrọbí kì í sì í ṣe bíbẹ̀rẹ̀ lásán, ìjàkadì ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ pè mí pé wọ́n ti ń sáré gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ mi. Mo gé aṣọ oníbàárà sí méjì gbọọrọ, mi ò mọ̀. Títí di òní, ẹni tó bá gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá, ṣe ni mo ń ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn.

Iṣẹ́ tí mo rán ọ nìyí. Ìwọ ni ojú mi níbẹ̀. Tí ìrora bá ti mú un, mú dókítà lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n gé e kíá, kí wọ́n má fetí sí ẹnu rẹ̀. Má jẹ́ kó gbọ́ o.

Bá mi kí Ọ̀gá Àgbà. Fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ mọ ìwọ̀n èjìká rẹ̀.

Ìyá rẹ tí kò bínú díẹ̀, tó bínú gan-an


Ọjọ́ keje, oṣù kẹta

Mọ́mì mi tó bínú gan-an,

Ẹ kú ìbínú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó kan ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

Mi ò lè jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Ẹ rán mi lọ bá kìnnìún já irùngbọ̀n, màá béèrè pé mélòó lẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n kí n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ta Àǹtí mi? Rárá o, Mọ́mì. Ẹ wá ẹlòmíràn.

Dípò ìyẹn, mo tẹ̀ lé wọn lọ sílé ìwòsàn, kí n lè fi etí ara mi gbọ́ ọ. Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú wọn ga débi pé ó ń tẹrí ba fún ẹnu ọ̀nà. Ó ya ilé ọmọ sórí bébà tí wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn, bí ìgò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó wá fa ìlà kan sí i. Ó ní nísàlẹ̀ ni wọ́n ti gé e nígbà àkọ́kọ́, ní ìbú, kì í ṣe lóòró, èyí tó jẹ́ ohun rere. Ó ní ojú abẹ náà ti jiná, àti pé ohun tó fa abẹ nígbà yẹn, ọkàn ọmọ tó ń lọ sílẹ̀, kò pọn dandan kó tún ṣẹlẹ̀. Nínú obìnrin mẹ́rin tó bá gbìyànjú, bíi mẹ́ta ló ń bí i lójú ara.

Mo ní, “Ewu rẹ̀ ńkọ́?” Kò fi pamọ́ fún wa. Ó ní nínú igba obìnrin, bíi ẹyọ kan ni ojú abẹ náà lè ya mọ́ lára nígbà ìrọbí, tó bá sì ya, ewu ńlá ni fún ìyá àti ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé ìwòsàn, tí ẹ̀rọ á máa gbọ́ ọkàn ọmọ, tí yàrá iṣẹ́ abẹ á sì wà nítòsí. Ó ní abẹ tí wọ́n bá mú ọjọ́ fún náà ní ewu tirẹ̀, pàápàá tí oyún mìíràn bá tún máa wá lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá kọjú sí Àǹtí mi: “Ọ̀nà méjì ló wà, a lè bá yín rin èyíkéyìí. Èwo lẹ fẹ́?”

Àǹtí mi bú sẹ́kún. Mo rò pé ẹ̀rù ni. Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tá a ń lọ sílé, wọ́n ní: “Ṣé o mọ̀ pé obìnrin yẹn lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí? Nígbà ti Ọ̀gá Àgbà, ṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lókè orí mi bí ẹni pé tábìlì ni mí. Ẹnì kan fi nǹkan bò mí nímú, mo sùn lọ. Nígbà tí mo jí, wọ́n ní mo ti bímọ. Mo ní, ta ló bímọ? Abẹ ò ṣẹ̀ mí o, abẹ ló gbà wá là. Pé kò sẹ́ni tó wo ojú mi ló ń dùn mí.”

Mọ́mì, mi ò ní àwàdà kankan láti fi sí ìdí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àbùmọ́


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Àbùmọ́,

Igba lo kọ. Mo pín in sí mẹ́wàá bí ìṣe mi. Ogún! Nínú ogún obìnrin, ẹyọ kan! O sì lẹ́nu láti kọ ọ́ sínú ìwé kí o tún fi sítáǹbù lé e!

Ogún ọmọbìnrin géérégé ni mo ti kọ́ níṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí. Àwòrán wọn wà lára ògiri. Láti àná ni mo ti ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé èyí ni? Àbí èyí tó ń rẹ́rìn-ín yìí? Àbí èyí tó máa ń gbé òwú mì? Ta ni kí n yọ níbẹ̀? Ti mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn, mi ò tiẹ̀ gbìyànjú láti pín in, torí mi ò fẹ́ rí àjákù èèyàn.

Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Tó bá kọ̀ láti lọ mú ọjọ́, kó má retí mi. Mi ò ní wá gbé ọmọ pọ̀n. Ìwọ náà, di ẹrù rẹ kí o máa bọ̀ nílé. Mi ò lè ní olóríkunkun méjì nílẹ̀ òkèèrè.

Ìyá yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Mọ́mì! Mọ́mì! Mọ́mì!

Ẹ má pín in! Iye yẹn kì í ṣe tèmi, ti agbẹ̀bí ni! Obìnrin yẹn ò bù mọ́ ọ̀rọ̀ rí, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ gba ẹ̀rín. Igba ni igba. Ẹ dá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín padà sára ògiri, gbogbo wọn ń bẹ láàyè. Tí ẹ bá fẹ́ ka orí tó pé, ẹ lọ wá ọgọ́sàn-án mìíràn kún wọn.

Mi ò sì ní di ẹrù kankan. Mo ti ní ìwé kíkà, mo ní ọ̀rẹ́, mo ní ìjà tí mi ò tíì parí pẹ̀lú ọmọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ ilé.

Àǹtí mi ka lẹ́tà yín. Wọ́n kàn gba bírò lọ́wọ́ mi. Tiwọn nìyí nínú àpòòwé kan náà.

Àbùmọ́


Mọ́mì,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo sì ti dìde kí n tó kọ ìyókù, torí ìyókù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ aṣọ. Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa aṣọ àtúnrán ló jóòótọ́, ẹ kàn gbàgbé ẹyọ kan: aṣọ kì í jiná. Bí ẹ bá ṣe rán an lónìí náà ló máa wà títí á fi gbó. Ara máa ń jiná, Mọ́mì. Tèmi ti jiná.

Mi ò sọ pé kò séwu. Ta ló mọ̀ ọ́n tó èmi tí mo gbé e sínú? Mo ti sọ fún wọn pé tí ọkàn ọmọ bá lọ sílẹ̀, kí wọ́n gé mi, mi ò ní jiyàn. Tí mo bá ní ó tó, kí wọ́n gé mi. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí ẹnikẹ́ni dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yan fún mi nígbà tí ẹnu mi ṣì ń sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe Ìyá Onírin, ìbáà ṣe ẹ̀yin tí ẹ bí mi. Ẹ bi mí kí ẹ tó gé mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ ò bá wá, màá sọ fún ọmọ náà pé ó ní ìyá àgbà kan tó mọ gbogbo nǹkan wọ̀n, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè.

Àbùmọ́ ò lọ síbì kankan. Mo nílò ẹni tó máa bá mi pariwo.

Àkọ́bí yín


Ọjọ́ keje, oṣù karùn-ún

Mọ́mì,

Ẹ kú ìdákẹ́. Oṣù kan ti kọjá. Afìwéránṣẹ́ ti ń sá fún mi báyìí, tó bá ti rí mi, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. Ṣé ẹ wà láàyè? Tí ẹ bá ti kú, ẹ kọ̀wé kí á lè mọ̀.

Àǹtí mi ò béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní àwọn ò retí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń lọ aṣọ nílé, tí ilẹ̀kùn bá dún, wọ́n á dúró gbagidi, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. Búláòsì mi méjì ti jó. Ẹ̀yin lẹ jẹ mí ní gbèsè wọn. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìkúnlẹ̀ wọn o, Mọ́mì.

Àbùmọ́ tí kò ní búláòsì mọ́


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Àbùmọ́,

Mi ò kú. Ibi tí mo ti ń dá ẹ̀gbọ́n rẹ lóhùn ni mo wà. Mo kọ ọ́, mo ya á. Mo tún kọ ọ́, mo tún ya á. “Aṣọ kì í jiná.” Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ta ló kọ́ ọmọ yẹn lọ́rọ̀ sísọ báyẹn?

Nọ́ọ̀sì kan tí mo ń ránṣọ fún wá wọn aṣọ rẹ̀. Bí mo ṣe fi téèpù yí i ní ìbàdí ni mo bi í: igba ni àbí ogún? Ó ní igba ni. Mo tún bi í. Ó ní, “Màmá, igba ni, ẹ dẹ téèpù yẹn, ẹ ti fẹ́ fún mi pa.” Inú bí mi sí ọ, Àbùmọ́. O ń sọ òótọ́, o ò sì ta mí lólobó!

Láti òní lọ, tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́ tí kò níyọ̀, fa ìlà sí i nídìí, bí mo ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ. Ibi tí ìlà bá wà, àlùmọ́gàjí mi ò ní kọjá ibẹ̀.

Mi ò tíì gbà o. Kó má lọ rò pé mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ka èyí sí i létí: Ọmọ mi àgbà, kí lo fẹ́ kí n ṣe fún ọ?

Ó yá. Mo ti béèrè. Ta ni kò mọ̀ ọ́n béèrè?

Ìyá yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Mọ́mì mi, Ìyá Àgbà Ìkókó,

Ẹ kú oríire! Ọkùnrin ni! Mo fa ìlà sí i!

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yín. Nígbà tí mo kà á fún Àǹtí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì mọ́ ikùn wọn. Odindi ọjọ́ kan ni wọ́n fi rò ó. Wọ́n ní kí ẹ rán aṣọ kan fún ọmọ náà, òwú pupa ni kí ẹ lò, kí ojú rírán rẹ̀ hàn síta gbangba. Kí ẹ má ṣe fi pamọ́ sínú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ìrọbí mú wọn. Ọkọ wọn fẹ́ bá wa lọ, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà pàṣẹ pé kó jókòó ti òun, ọkùnrin náà sì gbọ́ràn. Nílé ìwòsàn, wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ ikùn Àǹtí mi, ọkàn ọmọ ń dún bí ẹṣin tó ń sáré. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ìka márùn-ún ni mo gbé wọbẹ̀, méjì ni mo gbé jáde. (Ẹ pín ìyẹn.)

Títí di ọ̀sán, ọ̀nà ò ṣí tó bó ṣe yẹ. Dókítà kan wọlé, bírò wà lẹ́yìn etí rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo agbẹ̀bí, ó ní: “Ó ti pẹ́ jù. Ẹ múra yàrá iṣẹ́ abẹ, ká máa gbé e lọ.”

Mo fa ìlà sí èyí: ẹnu mi gbẹ. Èmi tí wọ́n torí ariwo mú dání, mi ò rí ohùn kankan lò. Àǹtí mi fúnra wọn ló gbé orí sókè. Wọ́n ní, “Dókítà, mo wà níbí. Ẹ bi mí.”

Agbẹ̀bí fa àga kan, ó tì í sẹ́yìn dókítà, ọkùnrin náà sì jókòó. Ó wá ṣàlàyé fún wọn lójúkojú: ọkàn ọmọ dáa, ọ̀nà ni kò ṣí sí i, a lè dúró díẹ̀, a sì lè gé yín nísinsìnyí, báyìí ni ewu èyí ṣe rí, báyìí ni ti ìyẹn. “Kí lẹ fẹ́?” Àǹtí mi ní, “Ẹ fún mi láyè sí i.” Ó ní ó dáa.

A dúró. Wọ́n rìn, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n bú gbogbo ẹni tó wà nítòsí, wọ́n bú èmi náà ní orúkọ tí mi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Agbẹ̀bí tún yẹ̀ wọ́n wò. Kò sí ìyàtọ̀. Dókítà la ẹnu, Àǹtí mi na ọwọ́ sí i: “Ẹ dúró. Èmi ni màá sọ ọ́.” Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, wọ́n dorí kodò bí ẹni tó ń bá ọmọ náà ṣèpàdé. Wọ́n wá ní, “Ó tó. Ẹ wá gé mi.”

Wọ́n ti ibùsùn ẹlẹ́sẹ̀ táyà dé. Àǹtí mi ní, “Irú rẹ̀ ti gbé mi sá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ mi ni màá fi lọ.” Mọ́mì, wọ́n sì rìn ín! Èmi wà lápá òsì, agbẹ̀bí wà lápá ọ̀tún, tí ìrora bá dé a máa dúró, tó bá lọ a máa rìn. Ẹ mọ̀ pé aṣọ ilé ìwòsàn là lẹ́yìn gbayawu. Mo fa ìlà sí èyí, ìlà méjì pàápàá: dókítà ló di ẹ̀yìn aṣọ náà mú fún wọn, tó ń rọra tẹ̀ lé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún wọn, ìsàlẹ̀ nìkan ló mú kú, orí wọn wà láàyè. Nígbà tí ọmọ náà ké, fèrèsé mẹ́jọ fọ́ (ẹ pín in), ṣùgbọ́n Àǹtí mi gbọ́ igbe náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn. Wọ́n gbé e lé wọn láyà. Wọ́n ní, “Èmi ni mo bí i.” Kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n kàn sọ ọ́ ni.

Ìyá Onírin wá kí wa lánàá, ó fa ojú ro: “Ó mà ṣe o, wọ́n tún padà gé ẹ.” Àǹtí mi ní, “Ta ló gé mi? Mo rán wọn níṣẹ́, wọ́n sì jẹ́ ẹ.”

Ẹ̀yin náà, tí “ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀” bá wà lẹ́nu yín, ẹ sọ ọ́ tán síbẹ̀ kí ẹ tó kọ̀wé. A ò ní àyè rẹ̀ nínú ilé yìí.

Àbùmọ́, àbúrò ìyá ìkókó


Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Àbùmọ́ ọmọ mi,

“Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀.” Mo sọ ọ́ fún ẹ̀rọ ìránṣọ mi títí ó fi sú u. Ó ti tán lẹ́nu mi.

Aṣọ ọmọ náà nìyí. Òwú pupa ni, ojú rírán ń bẹ níta bó ṣe wí, ó sì tún wù mí ju kí n fi pamọ́ lọ. Oníbàárà méjì ti ní kí n bá àwọn rán irú rẹ̀.

Bá mi bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá kí n wá. Mo ti di ẹrù tán, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti kí gbogbo èèyàn pé ó dìgbà. Ṣùgbọ́n mo béèrè o.

Níbi tí o fa ìlà méjì sí yẹn, tí o ní dókítà kan ló di ẹ̀yìn aṣọ ọmọ mi mú, mi ò pín in rárá. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé dókítà mẹ́wàá ni wọ́n.

Ìyá Àbùmọ́